Ìtàn Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n: Ẹ má jẹ́ kó dìgbà ìjà kí ẹ tó kọ ọ́

Bí ọba bá wàjà ní ìlú kan nílẹ̀ Èkìtì, kì í pẹ́ tí àwọn ìdílé ọlọ́mọọba fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri. Ẹni tí kò bìkítà fún ìtàn láti ogún ọdún sẹ́yìn yóò wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, yóò lọ tú fáìlì ìjọba àwọn òyìnbó. Wọn yóò ṣí àpótí bàbá bàbá wọn, wọn yóò wá ìwé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ jáde, wọn yóò sì lọ jókòó ti arúgbó kan tí wọn kò bẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́, wọn á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ tẹ̀ lé ta?" Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìtàn ìlú kan ṣoṣo ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lọ́yà kọ̀ọ̀kan sì ti gbé tirẹ̀ há abíyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá a dé nìyí ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ó sì yẹ kó ká àwọn ọmọ ibẹ̀ lára. Àwọn ìlú wọ̀nyí ní ìtàn. Ìtàn wọn tilẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n ń fọ́nnu lọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbà tí ìjà bá dé ni wọ́n ń rántí kọ ọ́. Ìtàn tí ènìyàn bá sì kọ nítorí àtijàre, àre ló ń wá kiri.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọba Èkìtì. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ náà lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí yan Aláwẹ̀ ti Ìlawẹ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba. Àwọn kan nínú àwọn ọba mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní Pẹlúpẹlú fárígá, wọ́n ní àwọn ni ipò náà tọ́ sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2020 ìjọba kọ̀wé sí àwọn ọba kan pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn lórí ìdí tí wọn kì í fi í wá sípàdé mọ́. Ẹni tó jàre kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣàkíyèsí ni pé tọ̀tún tòsì ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, tí kò sì sí ìwé kan tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí, tí wọ́n lè ṣí kí wọ́n ní, "Ohun tí àwọn bàbá wa sọ nìyí, kó tó di pé a jà."

Yorùbá ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Bó bá jẹ́ ti àrọ́bá ni, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ rọ́ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì sẹ́yìn. Nínú Odù Ìwòrì Méjì, ọmọ mẹ́jọ ni Ifá ní Ọ̀rúnmìlà bí. Alárá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, Ajerò ló tẹ̀ lé e, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Babaláwo tó wà ní Ọ̀yọ́, ní Ìlobùú tàbí ní Kúbà lókè òkun, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Arámọ̀kọ rí, tí kò mọ ọ̀nà Ìjerò, ń dárúkọ ọba ìlú méjèèjì bó bá ti ń ki Ifá. Ṣé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Arámọ̀kọ gan-an ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjìlá tó bá wà nítòsí.

Ní Ẹ̀fọ̀n, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ, tó jẹ ọba ní Ilé-Ifẹ̀ kí Ọ̀rànmíyàn tó padà dé, ló kúrò ní Ifẹ̀ wá tẹ ìlú náà dó sáàárín òkè, pé ibẹ̀ ni oyè Aláayè ti ṣẹ̀. Ifẹ̀ náà ní ìtàn Ọbalùfọ̀n tiwọn, ó sì ní ìbòjú bàbà kan tó lẹ́wà púpọ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí ìbòjú náà. Wọ́n kì í sì í ṣàìdárúkọ Ẹ̀fọ̀n bí wọ́n bá dé ibi tí Ọbalùfọ̀n sá lọ. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ń rí gbà nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé kò sí ìwé tirẹ̀ tí wọn ìbá fi ṣe àtẹ̀gùn.

Òkè-Ìmẹ̀sí, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Arámọ̀kọ lónìí, ni ogun tó gùn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ti ṣẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi bẹ́ àjẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi síbẹ̀ lórí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀, ni ogun Kírìjì bá bẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ní ọ̀rọ̀ obìnrin wà nínú ohun tó bí Fábùnmi nínú, pé àwọn ará ilé àjẹ́lẹ̀ ṣe àṣejù. Bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ṣe pọ̀ tó yìí, orúkọ Fábùnmi kì í sọnù nínú ẹ̀yọ kan, ti obìnrin náà ni kì í sábà hàn. Ìyàwó Fábùnmi, àfẹ́sọ́nà Fábùnmi, wọ́n á sáré kọjá lọ síbi idà.

Ní 1886 tí àwọn òyìnbó bá wọn dá sí i, tí wọ́n ṣe ìwé àdéhùn àlàáfíà, orúkọ Ajerò ti Ìjerò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti Ọwá Iléṣà, Ọ̀ọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti Ọlọ́jùdó Ìdó. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde rẹ̀ ní pápá ogun. Ọba Ìjerò kò kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmì ni wọ́n máa ń fà sílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ka àdéhùn náà lónìí, inú ìwé Samuel Johnson ni yóò lọ.

Ìwé Johnson yìí pàápàá, ìtàn tirẹ̀ yẹ kó kọ́ àwọn ará Èkìtì lọ́gbọ́n. Johnson, àlùfáà ìjọ C.M.S. ní Ọ̀yọ́, parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fún títẹ̀, ìwé sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, tó tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ ṣẹ́kù sílé ni, ọ̀pọ̀ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìtàn lónìí ìbá ti wọlẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Johnson sì ti ń wo ayé. Èkìtì kì í sábà hàn nínú ìwé rẹ̀ àfi bí ogun Ìbàdàn bá dé ibẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ogun Ará nígbà ayé Balógun Ìbíkúnlé, ṣùgbọ́n ohun tí Ìbàdàn rí ló sọ. Ohun tí ojú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú rí, tàbí bí àwọn tó ṣẹ́kù ṣe tún ìlú tò, ẹnu àwọn àgbà Arámọ̀kọ nìkan ni èyí ti lè jáde.

Àwọn òyìnbó tó wá ṣèjọba náà kọ ìwé. Lẹ́yìn ìjà àwọn obìnrin Ábá ní 1929, ìjọba ní kí àwọn D.O. lọ wádìí ìtàn àti ètò ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn fáìlì tó jáde nínú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bí ní nǹkan bí ọdún 1954. Ìwé wọ̀nyí wúlò púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń kà wọ́n gbọ́dọ̀ ya ojú rẹ̀ dáadáa, torí pé àwọn ìjòyè tí D.O. pè jọ kò ṣe ọ̀dẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ ni òyìnbó yóò fi pinnu ẹni tí yóò máa gba owó oṣù, ìlú tí yóò wà lábẹ́ ìlú kejì, àti kóòtù tí wọn yóò gbé síbì kan. Ọlọ́gbọ́n wo ni yóò sọ ìtàn tí yóò fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹlòmíràn? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ orúkọ ìlú bó ṣe hàn sí wọn létí. "Effon Alaiye" ló wà lórí máàpù, f méjì, tí ohùn rẹ̀ sì ti fò lọ. Ìwé tí wọ́n sì kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn tó ń sọ èdè Èkìtì kò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dé ibi kankan.

Àwọn ọmọ Èkìtì tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní kékeré lónìí. Èyí tó bá fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ lọ sí abúlé kan, tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ibẹ̀, lè rí pákó kan lára ògiri tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti sìn níbẹ̀ sí, nígbà mìíràn láti ẹgbẹ̀ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abúlé tí kò tó Erìò tàbí Ìdó-Ilé! Ó yẹ kí èèyàn béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí wọn kò gbọ́n ju àwọn tó tẹ Ẹ̀fọ̀n dó lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò mọ́ rárá. Ọba William tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló rán àwọn èèyàn káàkiri kí wọ́n lọ kọ ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn ẹni tó ni ilẹ̀, iye ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà, iye ọlọ tí omi ń yí. Ìwé náà, Domesday Book, parí ní 1086, owó orí ló sì ń bá kiri. Ní 1538, Thomas Cromwell, ọwọ́ ọ̀tún Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará ìlú kùn, wọ́n ní owó orí tuntun tún dé. Wọ́n ṣáà kọ ọ́. Ọmọ olówó, ọmọ alágbe, ọmọ tí kò ní bàbá, gbogbo wọn ló wọ inú rẹ̀. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ ọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà sí oyè, kò mọ ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn 400 ọdún, kò sì ní ìdí láti fi bàbá ẹnìkan ṣe ẹrú bàbá ẹlòmíràn. Ohun tó sọ ìwé náà di wúrà nìyẹn.

Wọ́n tún ní àṣà kan tí àgbẹ̀ Èkìtì yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Lọ́dọọdún, nítòsí ọjọ́ ìgòkè-re-ọ̀run Jésù, àwọn ará abúlé á bá àlùfáà wọn rìn yí ààlà ká, wọ́n á fi pàṣán na òkúta tó wà níbẹ̀. Wọ́n á kó àwọn ọmọkùnrin dání. Ní ibòmíràn wọ́n á na àwọn ọmọ náà lẹ́gba, tàbí kí wọ́n gbá wọn mọ́ òkúta, kí ara tó ta wọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí. Bí bàbá Ìjerò kan ṣe ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sídìí pèrègún nínú oko, tó ń ní, "Ibi tí tiwa dé nìyí, o rí i?" ni àwọn náà ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá rìn ín tán, àwọn kan a tún lọ kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Pèrègún dára, ṣùgbọ́n katakata tó ń la ọ̀nà kò mọ pèrègún yàtọ̀ sí igbó.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù nǹkan kan. Abúlé Wharram Percy ní Yorkshire wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí 1500, wọ́n lé àwọn tó kù níbẹ̀ jáde kí àgùntàn lè rí ibi jẹ̀. Láti 1950 títí di 1990 ni àwọn awalẹ̀-wá-ìtàn fi ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré gbẹ́ ohun tí ẹnu ìbá ti sọ fún wọn ká ní ẹnu kù níbẹ̀. Ahoro tó wà nínú igbó Èkìtì, tí àwọn àgbà ṣì ń dárúkọ, pọ̀ tí kò lóǹkà. Ẹni tó lè mú èèyàn dé ibẹ̀, tó lè ní ilé Olórí rèé, ojúbọ rèé, ń dín kù lójoojúmọ́.

Ohun tí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní lọ́wọ́ kì í tilẹ̀ ṣe ẹnu nìkan. Igi náà ń sọ̀rọ̀. Ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n jẹ́ ìdílé agbẹ́gilére, Agbọ́nbíofẹ́ tó kú ní 1945 sì ló gbẹ́ àwọn òpó àràmàǹdà tó wà ní ààfin Aláayè nígbà kan. Ọlọ́wẹ̀ Ìṣẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí kó tó lọ máa gbé Ìṣẹ̀-Èkìtì. Ó kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tó ya òyìnbó kan sí i, Ambrose, tí wọ́n rù wọ̀lú, tó sì ya ọba tó jókòó dè é pẹ̀lú àwọn ayaba. Kò sí D.O. tó kọ ìròyìn ọjọ́ náà tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, àwọn òyìnbó sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn wà títí di òní. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà.

Ọ̀rọ̀ Ìkògòsì tún wà níbẹ̀, èyí tó máa ń bí èèyàn nínú. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọdẹ kan ló ní ìyàwó méjì, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan onísùúrù, tí wọ́n jà tí wọ́n sì di odò, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Wọ́n ti ń sọ èyí kí bàbá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Síbẹ̀, ìwé àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń kọ ọ́ pé òyìnbó oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, John McGee, ló "ṣàwárí" omi náà ní nǹkan bí 1952. McGee ṣe dáadáa, òun ló sọ ibẹ̀ di ibi tí àlejò ń wá. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń ṣàwárí omi tí ìyá àgbà ń pọn mu? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ń dúró nítorí òun ló wà nínú ìwé, tí tàwọn tó ni omi kò sí níbẹ̀.

Ìjọ Ọlọ́run pàápàá lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1930, lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Ọ̀yẹ́ ní Iléṣà, Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wá sí Ẹ̀fọ̀n, gbogbo agbègbè sì mì. Nígbà tó kú ní Ẹdẹ ní 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé e wá sin sí. Àwọn ọmọ ìjọ C.A.C. mọ ìtàn yìí dé orí ọjọ́ àti wákàtí, nítorí wọ́n kọ ọ́, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Ìyẹn dára. Ohun tí kò sí ẹni tó kọ ni àwọn ère àti ohun ìbọ tí àwọn èèyàn kó jáde sun nígbà ìsọjí wọ̀nyẹn. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá Ọlọ́wẹ̀ wà níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Onígbàgbọ́ lè gbà pé ó tọ́ kí wọ́n sun ún, kó sì tún gbà pé ó yẹ kí ẹnìkan kọ orúkọ ohun tí wọ́n sun sílẹ̀.

Kò yẹ kí èèyàn fojú di àwọn tó ti gbìyànjú. Àlùfáà Àgùdà nì, Monsignor Anthony Ògúntúyì, kọ ìtàn Èkìtì ní 1979. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akíntóyè ti kọ ìwé lórí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1971 kí ẹni púpọ̀ tó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn ìlú náà máa ń gbé ìwé pẹlẹbẹ jáde nígbà tí wọ́n bá ń fọba jẹ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ láti kówó jọ. Fọ́tò alága ayẹyẹ máa ń wà lójú ewé kìíní, ti olóyè tó dá owó tó pọ̀ jù lójú ewé kejì, ìtàn ìlú á wá kó ara rẹ̀ jọ sí ewé mẹ́ta tó kù. Bí ọba kan bá wà nínú ìtàn tí ìdílé tó dáwó kò fẹ́ràn rẹ̀, ọba náà á sinmi.

Ohun tó ṣe é ṣe kò nira, kò sì gba owó ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pẹ́ ní Ìjerò, Ìpótì, Arámọ̀kọ, Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ẹ̀fọ̀n ní ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Àwọn ilé ìwé tó ti pẹ́ ní rẹ́jísítà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, àdúgbò àti iṣẹ́ bàbá sí. Àwọn ìwé kóòtù ìbílẹ̀ wà nínú yàrá tí òjò ń jò sí, tí ikán sì ń fi ṣe oúnjẹ. Ìwọ̀nyí jẹ mọ́ ti akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì 1538 yẹn, nítorí àwọn tó kọ wọ́n kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Fóònù tó ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé gbogbo báyìí. Ọmọ mẹ́wàá tó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì lásìkò ìsinmi lè ya ìwé ìrìbọmi ìlú kan tán láti ewé kìíní dé ìkẹyìn, kí wọ́n kó ẹ̀dà kan fún ààfin, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Adó.

Ti àrọ́bá ló gba sùúrù. Kí wọ́n lọ bá ìdílé kọ̀ọ̀kan nígbà tí oyè kò ṣófo, nígbà tí kò sí ẹjọ́ nílẹ̀, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè Èkìtì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe sí ti Ọ̀yọ́. Bí ìdílé méjì bá sọ ìtàn tó takora, kí wọ́n kọ méjèèjì síbì kan náà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Àwọn kan á ní èyí yóò dá ìjà sílẹ̀. Ìjà tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìlú tí ìtàn méjì rẹ̀ wà lórí ìwé kan sàn ju ìlú tí ìtàn mẹ́rin rẹ̀ wà lápò lọ́yà mẹ́rin lọ. Àwọn tí yóò sọ pé òwò àṣírí ìdílé ni ìtàn, wọ́n ní ẹ̀tọ́ wọn; kí wọ́n kọ tiwọn, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣí i.

Kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn obìnrin. Nínú gbogbo ìwé tí a ti dárúkọ níhìn-ín, láti ti Johnson dé ti D.O., ọkùnrin ló ń sọ ọ́, ọkùnrin ló ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá àgbà ló mọ oríkì ilé ọkọ àti ti ilé bàbá, wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n fi ṣọfà, wọ́n mọ ìyàwó tó ti Ìpótì wá sí Ìkòrò àti ohun tó gbé e wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá tó ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ ń bẹ tó lè ki gbogbo àgbo ilé láìsinmi, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìyá náà bá kú, wọn yóò ná owó gọbọi sí òkú rẹ̀. Wọn yóò yá ẹni tó ń ya fídíò kó wá ya ayẹyẹ náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí yóò gba ohùn onílù sílẹ̀, ohùn alága ìdúró, àti ohùn àwọn tó ń ná owó. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan náà ni oníṣẹ́ fídíò yẹn ìbá gbà ká ní wọ́n pè é wá nígbà tí ìyá ṣì lè sọ̀rọ̀.